Ẹ Bá Mi Bi Àwọn Kòkòrò Yìí Léèrè

Ẹ̀yin ará Ọ̀tà, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ayálégbé ni mí lẹ́yìn Ojú-Òrè. Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe ní ilé iṣẹ́ kan tí èéfín rẹ̀ kì í sinmi, ẹ̀yìnkùlé tí mo rí lò kò sì gbà ju dánfó méjì lọ. Ibẹ̀ ni mo gbin ilá, ewédú, àgbàdo, elégédé àti pákí díẹ̀ sí, torí owó ọbẹ̀ lọ́jà Sàngó ti ń dá owó oṣù mi lápá. Mo san owó ilé, mo san owó iná, mo san owó ọlọ́dẹ. Àwọn tó ń jẹ oko mi kò san kọ́bọ̀.

Ẹ wo ilá. Kòkòrò kan wà tí kò tó èékánná ọmọ ìkókó, òmíràn pupa rúsúrúsú, òmíràn dúdú tó ń dán. Ẹ fọwọ́ kan ewé, ó ti tọ pọ́ún. Ilá mi kò tíì yọ ewé mẹ́rin tí wọ́n fi lù ú jálajàla, tí oòrùn ń gba inú rẹ̀ kọjá bọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, wọ́n á tún kó àrùn ràn án, ewé á máa pọ́n lábọ́lábọ́. Mo bu eérú lé wọn bí ìyá mi ti máa ń ṣe. Òjò ìrọ̀lẹ́ fọ eérú lọ, àwọn àlejò padà sídìí oúnjẹ.

Ìdin tó ń gbénú àgbàdo kì í tilẹ̀ í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Amẹ́ríkà ló ti wá; ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àbúrò mi lọ tọrọ físà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ìdin tiwọn wá wọlé lọ́fẹ̀ẹ́! Ẹ la ewé àárín àgbàdo wò, ìgbẹ́ ló máa kún ibẹ̀, ẹ ó sì bá ọ̀gá náà nísàlẹ̀, tòun ti lẹ́tà Y tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò níwájú orí. Ìdin tó mọ̀wé ń jẹ àgbàdo, èmi tí mo ní sabukéètì ń wò ó lẹ́nu.

Ti tata ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí n pariwo síta. Ilẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri rẹ̀ gàdàgbà pé ILẸ̀ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ewé Akíntọ́lá ló bò ó, òdòdó rẹ̀ sì ni tata ń wá kiri. Ọyẹ́ á dé, wọ́n á tò jáde nínú aṣọ aláràbarà, wọ́n á máa rọra bọ̀ bí ọmọ onílẹ̀ tó wá gbowó ìpìlẹ̀. Wọn kì í sá. Ẹ mú ọ̀kan, òórùn burúkú ni yóò fi sí yín lọ́wọ́. Bí ewé pákí bá tán, wọ́n á bọ́ sí èèpo. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní ká hú ẹyin wọn jáde nínú ilẹ̀, kí oòrùn pa á. Inú ilẹ̀ tí kì í ṣe títà ni ẹyin wà. Ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún mi?

Mo ní kí n kúkú fín oògùn. Bàbá Àgíríìkì, aládùúgbò wa tó ti fẹ̀yìn tì, ní kí n má dán an wò, pàápàá láàárọ̀. Àárọ̀ ni òdòdó elégédé ń là, akọ lọ́tọ̀, abo lọ́tọ̀, oyin ló ń ṣe alárinà. Mo gbà, torí lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan lókè wa fín oògùn apakòkòrò inú ìgò kékeré, irú èyí tí àjọ NAFDAC fòfin dè lọ́dún 2019. Òdòdó pọ̀ lọ súà, kò sí oyin, elégédé mi ń rẹ̀ dànù nígbà tí kò tíì ju ẹyin adìyẹ lọ. Tata wá ńkọ́? Ara wọn le koko.

Bàbá ní agbọ́n ni kí n máa tọ́jú, pé ìdin ló ń pa, òun ló ń rún fún àwọn ọmọ rẹ̀. Òótọ́ ni, mo ti fojú mi rí i. Ṣùgbọ́n òkè ilẹ̀kùn àbáwọlé mi ló kọ́lé sí! Mo ti ibi iṣẹ́ òru dé, oorun ń kùn mí, agbọ́n ta mí létí. Labalábá tí ìyàwó mi ń wò tó ń rẹ́rìn-ín, ọmọ rẹ̀ ló jẹ ewédú mi kan igi. Ẹni tó ń bá mi pa ọmọ labalábá, òun ló ń ta mí.

Bẹ́ẹ̀ a ti rí ẹni tí agbọ́n ṣe lóore dáadáa. Nígbà tí kòkòrò funfun kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà ń fa omi ara pákí mu káàkiri Áfíríkà, onímọ̀ kòkòrò Hans Herren àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí ọ̀gbìn IITA n'Ìbàdàn wá ọ̀tá rẹ̀ lọ síbi tó ti wá. Agbọ́n tíntìntín kan láti Paraguay ni wọ́n kó wá, wọ́n tú u sílẹ̀ lọ́dún 1981, wọ́n tún fọkọ̀ òfúrufú fọ́n ọn ká. Inú kòkòrò yẹn ló ń yé sí, ọmọ rẹ̀ á jẹ ẹ́ látinú jáde. Pákí yè, Herren sì gba ẹ̀bùn World Food Prize lọ́dún 1995. Mo kí wọn. Ilá tèmi ńkọ́? Agbọ́n ti pákí kì í sì í ta ènìyàn. Èyí tó ń tani ni wọ́n fi sílẹ̀ fún mi.

Mo ti tan ògùṣọ̀ láti jó àwọn agbọ́n òkè ilẹ̀kùn mi nílé, ìyàwó mi ní, "Bàbá Bọ́lá, ẹ wo ewédú ná, ó ti ń rúwé." Mo pa ògùṣọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, lánlọ́ọ̀dù wá bèèrè owó ilé. Wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn, agbọ́n kan yọjú, ó yí fìlà wọn po lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní àwọn yóò padà wá nígbà mìíràn. Mo ti kìlọ̀ fún gbogbo ilé: títí oṣù yìí yóò fi parí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ilé agbọ́n yẹn.