Oríkì Ẹ́ẹ̀sì, Asọ̀kan-dọ̀pọ̀

Ẹ́ẹ̀sì o! Ẹ́ẹ̀sì Gẹ̀ẹ́sì, Asọ̀kan-dọ̀pọ̀, ọmọ ìkẹyìn tí ń pàṣẹ fún gbogbo agbo ilé. O ká bí ejò, o dún bí ejò, ìwọ kì í sì í ṣán ẹnikẹ́ni àfi nínú ìdánwò. Ọjà Balógun ni mo dúró sí tí mo fi ń kì ọ́, kí ẹni tó ń ra léèsì gbọ́, kí ẹni tó ń ta bàtà gbọ́, kí alábàárù tó ń ké "àgò lọ́nà" náà yà díẹ̀ kó gbọ́.

Ẹ́ẹ̀sì Arìnkiri! Mo ti Ìdúmọ̀tà bọ̀, kò sí ìsọ̀ tí n kò ti bá ọ lójú pátákó. "Ladies Wears" nìyí, "Babies Wears" nìyẹn. Olùkọ́ ní "wear" kì í gbà ọ́, ó ní aṣọ wíwọ̀ kò ní ọ̀pọ̀ lẹ́nu Òyìnbó. Ta ní ń dá olùkọ́ lóhùn? Ẹni tó san owó pátákó ló mọ iye aṣọ tó kó sínú ìsọ̀. Òyìnbó tún ní bí àga kún ilé dé òrùlé, "furniture" ni, kò gbọdọ̀ ní ọ lẹ́yìn. Èkó ní ó dáa, kí ẹni tó bá gbé àga mẹ́fà òun tábìlì lé alábàárù lórí lọ sọ fún un pé ẹrù kan ṣoṣo ni, kó wá sanwó ẹrù kan, ká wò ó bóyá wọn ò ní jà. Ibi tí Lọ́ńdọ̀nù ti lé ọ dànù, Balógun ló tẹ́ní fún ọ: "furnitures", "equipments", "luggages". Ẹ́ẹ̀sì, o ríbi sá sí.

Jagunjagun! Láyé àtijọ́, "shoon" ni wọ́n ń pe ọ̀pọ̀ bàtà, "eyen" ni ọ̀pọ̀ ojú. Ìran EN ló ń jayé ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ìwọ ti àríwá rọra wọ́ bọ̀, o gbàjọba lọ́wọ́ wọn, ó ku "oxen" àti "children" tí ń ṣọ̀fọ̀. William Caxton, ẹni tó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ròyìn ìjà yín ní 1490. Ó ní ọkọ̀ àwọn oníṣòwò kan ń gba odò Thames lọ sókè òkun, afẹ́fẹ́ kò fẹ́, wọ́n bá gúnlẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, tó ń ta aṣọ, yà sílé obìnrin kan, ó ní kó ta oúnjẹ fóun, pàápàá jù lọ ẹyin. "Egges" ló pè é. Obìnrin náà ní òun ò gbọ́ Faransé. Inú bí oníṣòwò, torí òun náà ò gbọ́ Faransé, ẹyin ṣáá lòun ń wá. Àfìgbà tí ẹlòmíì pe ẹyin ní "eyren" kí ìyá tó mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ẹ́ẹ̀sì, ìjà ìwọ àti EN fẹ́ẹ̀ ba ọjà ọlọ́jà jẹ́! Ní Balógun, bí àlejò ò bá gbédè, ẹ̀rọ ìṣirò la ó gbé, a ó tẹ iye owó sí i lójú, ọjà á sì tà.

Onílé púpọ̀! O wọlé "box", o fa E lọ́wọ́ dání. O wọlé "lady", o ti Y síta. O dé ilé "wife", ìyàwó kejì ń wọlé, F ń kẹ́rù jáde, V ti gba yàrá rẹ̀. Àmọ́ o dé ọ̀dọ̀ "roof", F rẹ̀ jókòó pa, kò tilẹ̀ wò ọ́ lójú. "Man" àti "foot" kò gbà ọ́ lálejò: ikùn ni wọ́n fi ń di púpọ̀, wọn kì í lo ìrù. "Sheep" ní tirẹ̀ ń jẹko lọ, ìbáà jẹ́ ọ̀kan, ìbáà jẹ́ ọgọ́rùn-ún.

Aṣòdodo! Ṣòkòtò kan péré ni ọmọ ìsọ̀ gbé sọ́wọ́ tó fi ń ké pe oníbàárà, o ti dé sídìí ẹ̀: "trousers". Ẹrù tó kún inú kọ̀ǹténà bámúbámú, "merchandise" ni, a wá ọ tì.

Agbéjú-bojú! Àlejò dé Martins Street, ó rò pé Martin pọ̀ níbẹ̀. Orúkọ ìdílé ni. Ó wo ilé Mandilas, ó ń wá ẹnìkejì rẹ̀. Orúkọ oníṣòwò ọmọ Gíríìkì ni. "Lagos" fúnra rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ nínú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ lo bù ú fún un. Àwọn Pọtogí ló fi síbẹ̀: "lago" ni adágún kan, "lagos" ni adágún púpọ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó ò ka adágún kankan, Èkó ni wọ́n ń pe ìlú wọn, omi ò sì dín.

Ẹni tí náírà kọ̀! Kí náírà tó dé, pọ́n-ùn ń gbà ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀ bó bá ti ju ọ̀kan lọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973, náírà òun kọ́bọ̀ wọlé, wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ọ. Lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, "one naira" ni, "one million naira" náà ni.

Ẹ́ẹ̀sì, má ṣe rò pé Yorùbá ò ní ọ̀pọ̀. A ní in, ara àgbà la ń gbé e kọ́. Ìyá kan ṣoṣo ló jókòó síwájú ìsọ̀, "Ẹ kú ọjà, mà" la ó kí i, a ó sì pè é ní "wọ́n" bó bá yíjú. Bàtà ọgọ́rùn-ún tó wà lẹ́yìn wọn, bàtà náà ni. Àwọn tó ni ọ́ ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí: "thou" fún ẹgbẹ́, "you" fún ẹni ọ̀wọ̀. "You" wá gbé "thou" mì, ọba di "you", ìránṣẹ́ di "you". Wọ́n gba iyì lára ènìyàn, wọ́n fi iye fún bàtà, ìwọ ni wọ́n sì fi ṣe akọ̀wé rẹ̀. Kú iṣẹ́ o!

Mo kì ọ́, ó tó gẹ́ẹ́, ọ̀fun mi ti gbẹ. Ó ku kí o náwó. Má wulẹ̀ fún mi ní "thanks". Mo mọ̀ pé ìwọ lo wà nídìí ẹ̀, àmọ́ kò ṣeé ra gààrí. Náírà ni kí o lẹ̀ mọ́ mi níwájú orí, kí ìwọ alára sì jókòó sílé.