Télọ̀ Tó Ń Sá fún Abẹ́rẹ́

Ó ti lé ní ọdún 14 tí mo ti ń ránṣọ ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, abẹ́rẹ́ ni mo sì fi ń jẹun. Abẹ́rẹ́ máṣíìnì ti gún mi níka já rí. Mo fi ẹnu fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, mo parí ọrùn bùbá tó wà lọ́wọ́ mi, kí n tó wá àkísà dì í. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á ní akin ni mí. Ẹ dúró ná. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì yọ abẹ́rẹ́ lókèèrè, kí ẹ wá wo orúnkún mi.

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí àwọn alábẹ́rẹ́ wá sí iléèwé wa, ojú fèrèsé ni mo gbà jáde. Bàtà mi ẹsẹ̀ kan bọ́ sí kíláàsì. Tíṣà gbé e sórí tábìlì, ó ní kí ẹni tó ni ín wá gbà á, kó sì gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi parí táàmù yẹn.

Àfi ìgbà tí oyún ìyàwó mi pé oṣù mẹ́fà, tí ọsibítù tó ti ń gba ìtọ́jú ní kí ọkọ rẹ̀ wá fi páìntì ẹ̀jẹ̀ kan sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn ní ọ̀pọ̀ ọsibítù wa. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lẹ́yìn ìbímọ wà lára ohun tó ń pa abiyamọ jù lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe òwú. Ara èèyàn nìkan ló ti ń wá.

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ adẹ́tẹ̀, ó di ète. Mo kọ́kọ́ fọgbọ́n lọ ọmọ iṣẹ́ mi, mo ní ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́ dára ju tàgbà lọ. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀jẹ̀ ò sí nínú ìwé àdéhùn tí bàbá mi fọwọ́ sí." Mo sọ fún ìyàwó mi pé ibà ń mú mi bọ̀. Ó wo ikùn rẹ̀, ó wò mí, ó tún wo ikùn rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Ó sàn kó bú mi.

Nígbà tí mo rántí pé wọn kì í jẹun kí wọ́n tó yẹ ṣúgà wò, èmi náà gbààwẹ̀ lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ní ta ló rán mi, kí n lọ jẹun kíá. Mo jẹ ẹ̀kọ mẹ́rin lẹ́nu géètì, mo sì jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń ṣa egungun inú ẹ̀kọ. Mo padà dé, ó ṣì wà níbẹ̀.

Wọ́n ní ẹni tí kò bá tó kílò 50 kò lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Inú mi dùn. Mo bọ́ bàtà, mo bọ́ aago, mo yọ kọ́kọ́rọ́, fóònù àti téèpù ìwọnṣọ kúrò lápò, mo tilẹ̀ mí èémí síta kí n tó gun orí ìwọ̀n. Kílò 83.

"Ọ̀gá télọ̀, ẹ lè wọ bàtà yín padà."

Ó fi nǹkan ṣóńṣó kan ta mí níka. Ìka télọ̀ ti yi. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ta á kí ẹ̀jẹ̀ tó yọ. Ó kán an sínú omi kan tó dà bí omi tí a po búlúù sí fún aṣọ funfun. Ẹ̀jẹ̀ mi lọ sísàlẹ̀ tààrà.

"Ó rì! Nọ́ọ̀sì, ó rì!"

"Rírì rẹ̀ là ń fẹ́, sà. Ẹni tí tiẹ̀ bá léfòó, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tó nìyẹn, ilé la máa ń dá a padà sí."

Mo wo ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ náà nísàlẹ̀ ibi tó wà bí ẹni wo ọ̀dàlẹ̀. Wọ́n yẹ̀ mí wò fún HIV àti àwọn àrùn mìíràn, gbogbo rẹ̀ dáa. Kò sí àwáwí mọ́.

Lára páálí àpò ẹ̀jẹ̀ ni mo ti rí i: 16G. Nínú iṣẹ́ tiwa, nọ́ńbà 16 la fi ń rán jíǹsì. Èmi kì í ṣe jíǹsì. Mo rọra ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ò ní nọ́ńbà 11? Òun la fi ń rán aṣọ tó bá fẹ́lẹ́."

Obìnrin náà gbé àpò sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní lọ́dọ̀ tiwọn, bí nọ́ńbà bá ṣe ń kéré ni abẹ́rẹ́ ń tóbi. Pé irú nọ́ńbà 11 yẹn ni wọ́n fi ń fa mùdùnmúdùn inú egungun. "Ṣé kí n lọ bá yín mú un wá?"

Mo na apá.

Ó fi rọ́bà so mí lápá, ó ní kí n di ẹ̀ṣẹ́. Mo dijú. Bí nǹkan tútù ṣe kàn mí báyìí, mo figbe ta: "Yéè! Ìyá mi ò!"

"Òwú ni, sà. Mo ṣì ń nù yín lápá ni."

Òwú! Èyí tí mò ń rà ní dọ́sìnnì!

Abẹ́rẹ́ gan-an dùn mí, n kò ní parọ́, ṣùgbọ́n ti máṣíìnì jù ú lọ. Láàárín bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mílílítà 450 ti wà nínú àpò. Wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀ díẹ̀ sí i, kí n mu mọ́ọ̀tì. Èmi tí mo ti di akọni? Mo já jáde lọ bá àwọn ọkọ yòókù lórí bẹ́ǹṣì, mo ká apá ẹ̀wù sókè, mo ń fi pílásítà hàn wọ́n. Mo ní kò ju kí ọkùnrin ṣe ọkàn gírí lọ. Ibi tí mo bọ́rọ̀ dé nìyẹn tí ilẹ̀ fi yí.

Nígbà tí mo lajú, ẹsẹ̀ mi wà lókè lórí àga, ìyàwó mi ń fi káàdì aláboyún fẹ́ mi. Mọ́ọ̀tì mi wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì. Ó ti mu ún dé ìdajì. Méjì nínú àwọn tí mò ń wàásù fún ti rọra lọ sílé.

Ìyàwó mi bí wẹ́rẹ́, kò lo ẹ̀jẹ̀ kankan. Lọ́jọ́ tó gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà (ìta ni èmi dúró sí), mo yà sí báńkì ẹ̀jẹ̀. Mo ní níwọ̀n ìgbà tí wọn kò lo tèmi, kí wọ́n bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ de oyún kejì. Èmi tí n kì í dá aṣọ tó bá ṣẹ́kù padà fún oníbàárà.

Nọ́ọ̀sì yẹn náà ni. Ó ní ọjọ́ 35 péré ni ẹ̀jẹ̀ ń lò nínú fíríìjì àwọn. Tèmi ti wọ ara ẹlòmíràn tipẹ́. Mo ní ta ni? Ó ní àwọn kì í sọ. Ó wá ṣí ìwé ńlá kan, ó fi ìka wá orúkọ mi kàn.

"Ọ̀gá télọ̀, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni ọkùnrin lè máa fi sílẹ̀. Tiyín ti lé lóṣù mẹ́rin." Ó nawọ́ sí páálí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ jókòó."

Ìyàwó mi ló bá mi gba bàtà ẹsẹ̀ kan náà wálé.