Ìjàpá Wòlíì Nọ́ńbà

Àlọ́ o!
Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá lórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo àti àádọ́rùn-ún ẹranko ìlú Ọ̀fà.

Ìjàpá rí i bí èrò ṣe ń rọ́ lọ sí ìsọ̀ lótò Bàbá Ìjẹ̀bú lọ́jà Owódé. Bọ́ọ̀lù 90 ló ń yí nínú àgbá, márùn-ún péré ni wọ́n ń fà yọ. Ló bá gbé pátákó kọ́: "Wòlíì Nọ́ńbà." Apẹ̀rẹ̀ ọ̀dùnkún kan lowó ìran. Ó pe Ewúrẹ́ wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì, ó fún un ní 1. Àkùkọ gba 2, Ọ̀bọ gba 3, títí dórí Òkété tó gba 90. "Má sọ fẹ́nì kankan o!"

Sátidé dé, nọ́ńbà ẹni márùn-ún wọlé. (Kí ni ì bá ti ṣe tí kò ní wọlé?) Wọ́n jó yí ọjà ká: "Wòlíì gidi ni!" Àwọn márùndínláàdọ́rùn-ún yòókù ò lè sọ̀rọ̀, ojú ń tì wọ́n.

Àgùntàn, tó gba 17, yọ́ padà wá ní kọ̀rọ̀. Ìjàpá dá orin:

Lílé: Mẹ́tàdínlógún pẹ́ nínú àgbá
Ègbè: Gbiri gbiri, gbirí
Lílé: Oyún rẹ̀ pé, ó fẹ́ bímọ
Ègbè: Gbiri gbiri, gbirí
Lílé: Ta ọkọ́ oko, kó o fi ta nọ́ńbà
Ègbè: Gbiri gbiri, gbirí

Àgùntàn ta ọkọ́. 17 ò jáde. Ó ta àdá. Kò jáde.

Yánníbo ò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ìyá Àgùntàn, ṣebí gbogbo bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń dà padà sínú àgbá? Ìjàkadì lorò Ọ̀fà: ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á ti rẹ̀ ẹ́, tàbí kó ti kọ́gbọ́n. Kì í rẹ bọ́ọ̀lù, kì í sì í gbọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan nínú méjìdínlógún ni ti 17 lọ́sẹ̀ yìí, bí ó tilẹ̀ pé ọdún mẹ́wàá tó ti jáde gbẹ̀yìn."

Lílé: Bọ́ọ̀lù ò létí, kò gbọ́ tàná
Ègbè: Gbiri gbiri, gbirí
Lílé: Bọ́ọ̀lù ò níkùn, oyún wo ló ní?
Ègbè: Gbiri gbiri, gbirí

Àgùntàn ní ìlara ló ń bá Yánníbo jà.

Nígbà tó yá, 17 jáde lóòótọ́. Ìjàpá ní: "Ó ti bímọ, kò lè tún bí láìpẹ́. Fi í sílẹ̀." Àgùntàn fi í sílẹ̀. Sátidé kejì, 17 tún jáde.

Ìjàpá ti ṣí ìsọ̀ kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó rélùwéè. Òun fúnra rẹ̀ ò ta lótò rí o: ó mọ̀ pé ẹni tó bá ta nọ́ńbà méjì, bí ẹ̀ẹ̀kan nínú irínwó ni yóò jẹ, ìlọ́po 240 ni wọ́n sì ń san.