Líǹkì, Ìkòkò àti Ìyá Ìyàwó Mi

Ẹni tó bá rí mi nígbà náà á rò pé mo ní ọjà. N kò ní ṣọ́ọ̀bù, n kò tilẹ̀ ní àtẹ. Líǹkì ni mo ní. Iṣẹ́ àfílíétì ni: ilé-iṣẹ́ tó ni ọjà á fún ọ ní líǹkì tó ní àmì tìrẹ lára, ẹni tó bá gba ibẹ̀ wọlé tó sì rajà, wọ́n á yọ kọmíṣọ̀n fún ọ. Oníbàárà kì í san owó lé e, nítorí náà ẹnikẹ́ni ò lè pè mí ní alágbàtà tó sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Ara mi ni mo sọ di ọ̀wọ́n nígbẹ̀yìn, níbi tí mo ti ń sá fún àwọn tó rajà.

Àwọn àgbà ní ìpolówó ni àgúnmu òwò. Èmi lo àgúnmu yìí ní àlòjù. Láàárọ̀, áyọ́ọ̀nù, lọ́sàn-án, ìkòkò tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ jóná, lálẹ́, tíì tó ń fa ikùn wọlé, èmi tí ikùn mi máa ń ṣíwájú mi wọ mọ́tò. Ìlà tó wà lórí status WhatsApp mi gé wẹ́wẹ́ bí ojú abẹ́rẹ́ télọ̀. Àbúrò mi ló tú àṣírí fún mi pé gbogbo ilé ti mute mi, títí kan màmá wa. Màmá ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é o. Wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn ṣe é.

N kò jáwọ́. Áyọ́ọ̀nù tán lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, líǹkì mi sì ń gbé àwọn ènìyàn lọ sí ibòmíràn, èmi ò mọ̀. Bàbá Ìjọ wa tẹ̀ ẹ́, wọ́n bá ara wọn láàárín pátá ọkùnrin. Wọ́n pè mí sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

“Ọmọ mi, ṣé bí áyọ́ọ̀nù ṣe ń rí nìyí?”

“Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, sà.”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo tún gbé e síta.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Houston mọ ìgbà tí wọ́n ń jáwọ́. Líǹkì Amazon lòun ń lò, ètò tí wọ́n ti ń ṣe láti 1996, àga ló sì ń polówó. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, Amazon gé kọmíṣọ̀n àga láti ìdá 8 nínú 100 sí ìdá 3. Àga 100 dọ́là tó ń mú dọ́là 8 wá ti di dọ́là 3. Kíá ló yọ líǹkì àga kúrò. Ó ní kí èmi náà kọ owó dátà mi sápá kan, kí n kọ kọmíṣọ̀n sápá kejì. Mo kọ ọ́. Dátà borí pátápátá. Mo wò ó títí, mo ní àṣé dátà tí mo ń rà ló kéré jù. Mo lọ ra ńlá.

Ìyá ìyàwó mi ní Iléṣà nìkan ló ṣẹ́ kù tó ń wo status mi. Wọ́n pè.

“Bàbá Ìbejì, ṣé lóòótọ́ ni ìkòkò yìí ò ní jó ẹ̀wà?”

N kò fọwọ́ kan ìkòkò náà rí àyàfi nínú àwòrán. Ó yẹ kí n ti jáwọ́ lórí ẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀.

“Màmá, ẹ gbé e kaná, kẹ́ ẹ máa lọ síbi tẹ́ ẹ̀ ń lọ!”

Wọ́n rà á, wọ́n gbé ẹ̀wà kaná, wọ́n sì gba ìpàdé ẹgbẹ́ lọ. Àwọn ará ilé ló já ilẹ̀kùn wọlé nígbà tí èéfín gba fèrèsé jáde. Ẹ̀wà ti di èédú. Wọ́n pè mí lálẹ́, ohùn wọn tutù pẹ̀sẹ̀, wọn ò tilẹ̀ bínú.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Ìbejì, báwo lẹ ṣe ń fọ tiyín?”

“A máa ń rẹ ẹ́ sómi ni, Màmá.”

Ìyàwó mi yọjú láti kíṣìnì. “Ìkòkò wo?”

Ojú tì mí, mo ra òmíràn fún wọn. Ṣùgbọ́n líǹkì ara mi ni mo fi rà á, kí n lè rí kọmíṣọ̀n díẹ̀ fi tu ara mi nínú. Ọ̀pọ̀ ètò àfílíétì ni kò gba irú ẹ̀ láyè; ó wà nínú àdéhùn tí mo fọwọ́ sí láì kà á. Wọ́n ti àkáǹtì mi pa tòun ti owó tó wà níbẹ̀. Mo sọ nílé pé mo ti pinnu láti jáwọ́. Ìyàwó mi ní, “Ta ló pinnu?”

Ìkòkò kejì ti dé Iléṣà. Màmá ní ó dára púpọ̀. Omi tíì nìkan làwọn ń fi í sè, àwọn kì í sì kúrò nídìí ẹ̀.