Ẹ Ṣí Fìlà, Ọ̀wọ̀ Lẹ Wà

Ẹ kú ewu ọ̀nà o, ẹ̀yin àlejò ọdún Ìgogo. Ẹ kú ìnáwó, pàápàá ìnáwó orí. A rí abẹtí-ajá tí ẹ dé, a rí gèlè tí ìyàwó yín wé, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bá òrùlé jà. Ó dára, ó rẹwà, ẹ yáa ká méjèèjì sínú àpò. Bí Ìgogo bá ti bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kì í dé fìlà ní Ọ̀wọ̀, obìnrin kì í wé gèlè. Ọlọ́wọ̀, ọba wa, fúnra rẹ̀ á dirun, á wọ yẹ̀rì gbàgẹ̀rẹ̀, á kó iyùn sọ́rùn. Bí ọba bá lè jókòó kí wọ́n dirun fún un, ta ni ẹ̀yin tí ẹ ní orí yín pá, ẹ ò lè ṣí i? Ẹ ṣí i. A ti múra tán láti wò ó.

Àánú àwọn onílù tó tẹ̀lé yín láti Ìbàdàn ló ń ṣe mí. Wọ́n gbọ́ ọdún ọba, wọ́n kó gángan sí apá, wọn ò mọ̀ pé èèwọ̀ ni ìlù lásìkò Ìgogo. Agogo là ń lù. Ọ̀gá tí kì í náwó àfi bí wọ́n bá kì í kò rí ẹni tó máa kì í mọ́. Ló bá ń ki ara rẹ̀ lábẹ́ igi.

Ẹ má bínú sí wa, àwọn orogún Ọ̀rọ́nṣẹn ni kẹ́ ẹ bínú sí. Ìtàn sọ pé nígbà tí Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n fẹ́ arẹwà yìí, èèwọ̀ mẹ́ta péré ló ní: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ ilá lójú rẹ̀, kò gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá, kò gbọdọ̀ ju igi ìdáná sílẹ̀. Àwọn orogún gbọ́ ọ yé. Ọba jáde, wọ́n lọ ilá, wọ́n da omi, wọ́n ju igi. Ọ̀rọ́nṣẹn bínú lọ, kò padà mọ́. Nítorí rẹ̀ ni gbogbo ìlú ṣe ń fi ọjọ́ 17 ṣe ọdún nínú oṣù Kẹsàn-án. Ẹ̀yin ọkọ tí ẹ fi búrẹ́dì kan ṣoṣo bẹ ìyàwó lóṣù tó kọjá, ṣé ẹ ti rí bí àwọn ọba ṣe ń bẹ̀bẹ̀?

Ó ku ọ̀rọ̀ ìrìn. Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 50 lọ, síbẹ̀ ẹ ti ń di ìbàdí mú kẹ́ ẹ tó dé Ùṣò. Nínú ìlú, ọ̀kadà lẹ máa gùn. Bí ẹ bá béèrè ọ̀nà, ẹni tẹ́ ẹ bi á fi ẹnu júwe: “Ọ̀hún un nì, kò jìnnà.” Ẹni tó bá wọ bàtà gogoro kó má gbà á gbọ́ o. “Kò jìnnà” ọmọ Ọ̀wọ̀ lè gba ìgò omi méjì.

Ààfin wá ńkọ́? Àgbàlá ibẹ̀, èyí tí à ń pè ní ùghà, wọ́n ní ó tó 100 láyé àtijọ́, olúkúlùkù pẹ̀lú iṣẹ́ àti òrìṣà tirẹ̀. Google Maps á sìn yín dé ẹnu ọ̀nà, á sì yọwọ́. Ẹ ó wọ ùghà kan, ẹ ó dọ̀bálẹ̀ fáwọn àgbà. Ẹ ó rìn títí, ẹ ó wọ òmíràn, ẹ ó tún dọ̀bálẹ̀. Nígbà táwọn àgbà bá ní, “Ẹ tún ti dé?”, ẹ ó mọ̀ pé ẹ ti ṣìnà.

Ẹ má fajú ro. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ya fọ́tò ní erékùṣù Hydra nílẹ̀ Gíríìsì, níbi tí wọ́n ti fòfin de mọ́tò, tó jẹ́ pé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń bá èèyàn gbé báàgì gun òkè? Ẹ san owó gọbọi kẹ́ ẹ lè fẹsẹ̀ rìn, ẹ ní ìgbádùn ni. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ òyìnbó wá di fàájì, ọ̀kadà Ọ̀wọ̀ di ìyà?

Bí ẹsẹ̀ bá sinmi tán, ẹ yà sí mùsíọ́mù Ọ̀wọ̀. Ìtàn ní gèlè Ọ̀rọ́nṣẹn já bọ́ sí Igbó Laja nígbà tó ń sá lọ. Lọ́dún 1971, Ekpo Eyo, ọ̀gá nínú àwọn awalẹ̀pìtàn, gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Kò bá gèlè, ère amọ̀ ló bá, tó ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ọ̀rúndún 15. Mùsíọ́mù Èkó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wà báyìí. Ọmọ Ọ̀wọ̀ pọ́nńbélé ni wọ́n: wọn ò tíì gbọn erùpẹ̀ ara dànù tán tí wọ́n fi gba Èkó lọ.

Àwa onílé náà kò gbọ́n jù yín lọ. Ẹni tó ń gbé ìdí Ọjà Ọba láti kékeré kò wọ ùghà kan rí. Ẹ bi í léèrè, á ní: “Ọmọ ọba ni mí, kí ni mo fẹ́ lọ wò?” Gbogbo wa la jẹ́ ọmọ ọba ní Ọ̀wọ̀. Ọlọ́kadà tó gbé yín pàápàá á sọ pé láti ààfin ni ìyá òun ti wá, orí owó ọkọ̀ yín ni yóò sì ti gba ìṣákọ́lẹ̀. Ẹ má ná an jù o. Tí inú bá bí i, ibi tí “kò jìnnà” ló máa já yín sí.