Ọwọ́ Lọ Sókè

Ní Magodo níbí, bí ìpàdé onílé bá dé orí owó tiráńsífọ́mà, gbogbo ọwọ́ ní í lọ sókè. Ọjọ́ tí akápò bá gbé ìwé rìsíìtì jáde, gbogbo wa ti rìnrìn àjò. Ewé kan ṣoṣo ló ti ya nínú ìwé ọ̀hún: tirẹ̀ ni.

Mo rò pé àìsàn àdúgbò wa ni, àfìgbà tí mo rántí 1980. Èkó yìí náà làwọn olórí Áfíríkà péjọ sí, tí wọ́n ṣe Ìlànà Èkó: kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan máa ya ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ọrọ̀ ajé rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìwádìí sáyẹ́ǹsì, kí wọ́n sì jọ máa ṣe é láìfi ààlà pè. Ọwọ́ lọ sókè. Ní 2006, wọ́n tún un sọ ní Khartoum. Ọwọ́ tún lọ sókè. Nàìjíríà kò tíì fojú kan ìdá kan yẹn.

Mo sọ ọ́ fún akápò. Ó rẹ́rìn-ín: “Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ á máa dúpẹ́. Tiwa ò tíì pé ogójì ọdún.”