Sùmákà Orí Àga

Kò sí àdúgbò tí ẹ ò ti ní rí i. Kò ní mọ́tò, kò ní lásẹ́ńsì, bàbá rẹ̀ ò sì jẹ́ kó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ Camry tó wà nínú ọgbà, síbẹ̀ lójú tirẹ̀ kò sí ẹni tó mọ ọkọ̀ ọ́ wà mọ́ láyé yìí. Bí ẹ bá jọ wọ dánfó, iwájú ló máa ń fẹ́ jókòó sí, kó lè rí gbogbo ibi tí dẹ́rẹ́bà ti ń ṣìṣe. Kí ọkọ̀ tó dé kọ́nà, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ á ti máa tẹ bíréékì tí kò sí níbẹ̀. Bí wọ́n bá yà tán, á pòṣé, á ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi àkókò ṣòfò níbẹ̀ yẹn. Ńṣe ló yẹ kẹ́ ẹ jẹ́ kí ìdí ọkọ̀ gbá yí, kẹ́ ẹ wá fún un ní tọ́tù.” Dẹ́rẹ́bà, tó ń bá kọ̀ńdọ́ jà lórí ṣéńjì, kò ní dá a lóhùn. Sùmákà, orúkọ gbajúgbajà awakọ̀ eré ìje nì, ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é. Àwàdà ni wọ́n fi ṣe, òun gbà á ní oyè. Orí àga oníke ló sì ti jẹ oyè náà, páàdì gẹ́ẹ̀mù lọ́wọ́, ojú mọ́ tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ má rò pé òpè ni. Ó mọ nǹkan, ó sì jìyà kó tó mọ̀ ọ́n. Ohun tí mò ń wí ni pé ohun tó mọ̀ náà gan-an ni kò ní jẹ́ kó mọ ọkọ̀ wà, nítorí pé ibi tí gẹ́ẹ̀mù ti yapa kúrò lójú títì ni àwọn ọ̀gá inú rẹ̀ ti ń gba adé. Ẹ wo Stunts, tí ilé-iṣẹ́ Distinctive Software ṣe fún kọ̀ǹpútà ní 1990, tí àwọn kan ṣì ń fi díje títí dòní. Títì inú rẹ̀ ń fò, ó ń lọ́, ó ń yí po sókè débi tí ọkọ̀ á fi dorí kodò. Ohun tí àwọn ògbóǹtarìgì ń lé níbẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní power gear: bí àwọn ọkọ̀ kan bá ti sáré kọjá ìwọ̀n kan nínú jíà tó ga jù, eré náà ò ní dín mọ́, àfi bí awakọ̀ bá tẹ bíréékì tàbí tó já sí koríko. Ìṣirò àwọn tó ṣe gẹ́ẹ̀mù ló ṣì, àṣìṣe wọn ló sì di ẹ̀kọ́ gíga. Gẹ́ẹ̀mù yìí kan náà máa ń jẹ́ kí èèyàn dá eré tó ti sá padà, kó dúró níbi tó wù ú, kó sì máa wa ọkọ̀ lọ láti ibẹ̀. Ẹni tó bá já sí koríko ní kọ́nà kẹta á padà sẹ́yìn díẹ̀, á tún un gbà, á tún un gbà, títí á fi rí èyí tó dán mọ́rán. Eré ìṣẹ́jú kan tí ẹ ń wò yẹn lè jẹ́ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n rán pọ̀. Kò sí àrékérekè níbẹ̀, gbogbo àwọn tó ń díje ló mọ̀. Sùmákà nìkan ni í gbàgbé bó bá ti wọ dánfó.

Gẹ́ẹ̀mù TrackMania, tí ilé-iṣẹ́ Nadeo ti ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní 2003, ló fẹ́ràn jù láti fi wàásù. Bí ọkọ̀ inú pápá ìṣeré rẹ̀ bá ti kọjá nǹkan bíi kìlómítà 400 ní wákàtí kan, ẹni tó mòye á yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, díẹ̀ báyìí, kó máa yọ̀ lọ. Ẹ wá gbọ́: ọkọ̀ tó ń fi ẹ̀gbẹ́ yọ̀ á máa yára ju èyí tó dojú kọ iwájú gbọnrangandan lọ! Bó bá yí i jù, eré á dín. Bí kò bá yí i tó, kò ní ràn. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, mo júbà. Ṣùgbọ́n ẹ bi fọkanáísà tó wà ní àdúgbò yín. Táyà tó ń yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lójú títì, agbára ẹ́ńjìnnì ló ń sun níná. Òun ló ń di èéfín, ooru àti ìlà dúdú lórí ọ̀dà. Àwọn tó ń sá eré rali lórí iyẹ̀pẹ̀ náà ń yọ̀ lóòótọ́, àmọ́ kí imú ọkọ̀ lè tètè kọjú síbi tí kọ́nà já sí ni wọ́n ṣe ń yọ̀, wọn kì í yọ̀ níbi tí ọ̀nà bá tọ́. Tàbí kẹ́ ẹ wo bíréékì inú òfuurufú. Nínú TrackMania, bí ọkọ̀ bá fò tó sì ń ta òkìtì, ẹ sáà tẹ bíréékì, òkìtì á dá wọ́ọ́. Nínú ayé tí Ọlọ́run dá, ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó ń yí kò ní dúró lásán; yíyí tí ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ á wọ ara ọkọ̀, imú á sì dorí kọlẹ̀. Àwọn tó ń fi alùpùpù fò mọ èyí dáadáa, wọ́n sì ń lò ó bí imú bá ga jù. Nǹkan tó ń gba Sùmákà là lórí àga lè mú ẹlòmíì fi iwájú gúnlẹ̀.

Ohun tí gẹ́ẹ̀mù ò sì lè fún un rárá ni ara. Ní oṣù kẹsàn-án 2015, Terry Grant, ará Gẹ̀ẹ́sì tó ń fi ọkọ̀ dárà, wa Jaguar F-Pace gba inú òrùka irin kan tó ga ní mítà 19.08 ní Frankfurt, ní ilẹ̀ Jámánì. Ó ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà márùn-ún lọ. Agbára tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àga tó ìlọ́po 6.5 ìwọ̀n ara rẹ̀, èyí tó fi hàn pé orí tó wúwo tó kìlógíráàmù márùn-ún á di ohun tó ju ọgbọ̀n lọ lórí ọrùn. Ó fara ṣiṣẹ́ fún oṣù méjì, ó ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ, nítorí ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ yẹn. Sùmákà a máa gba irú òrùka bẹ́ẹ̀ kọjá nígbà tó ń jẹ gaàrí.

Ó ní èsì kan tó máa ń fà yọ, ó sì lágbára: Jann Mardenborough. Nínú gẹ́ẹ̀mù Gran Turismo ni ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí ti borí ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tó gba ìdíje GT Academy ti Nissan àti PlayStation ní 2011, tó sì lọ sáré nínú eré ìje ọkọ̀ Le Mans. Òtítọ́ ni, mi ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe fún un lẹ́yìn tó borí: wọ́n gbé e kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n fi í sínú ọkọ̀ gidi, olùkọ́ jókòó tì í, ó ń sá eré kéékèèké títí wọ́n fi fún un ní ìwé àṣẹ láti sá eré ńlá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, gẹ́ẹ̀mù tó ń sapá láti fara wé títì ni Gran Turismo. Kò sí ẹni tó ń fi ẹ̀gbẹ́ yọ̀ kó fi yára níbẹ̀. Ẹni tó bá tọ́ka sí Jann, iléèwé ló tọ́ka sí, Sùmákà ò sì lọ.

Àwọn kan á ní ṣé àwọn dẹ́rẹ́bà wa pàápàá lọ iléèwé? Ọ̀pọ̀ wọn ò lọ. Síbẹ̀ dẹ́rẹ́bà dánfó tó burú jù lọ ti ra táyà rí, ó ti ra bíréékì rí, ó sì mọ iye tí kòtò kan lè yọ kúrò nínú owó tó gbọ́dọ̀ jíṣẹ́ fún ọlọ́kọ̀ lálẹ́. Ẹ̀rù tó ń bà á yẹn kò sí nínú páàdì kankan.

Nítorí náà, kó máa ta gẹ́ẹ̀mù rẹ̀ o. Kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Àmọ́ bó bá wá yá ọkọ̀ yín lọ sóde ìyàwó, ẹ bi í pé ọkọ̀ tó ń sáré kìlómítà 100 ní wákàtí kan lórí títì gbígbẹ á lo mítà mélòó kó tó dúró. Nǹkan bíi 80 ni, bí ẹ bá ka ìṣẹ́jú-àáyá kan tí ojú á fi rí i kí ẹsẹ̀ tó gbọ́. Bó bá fèsì pé ó dá lórí ọkọ̀ tí òun bá mú, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ yín sápò.